Panápaná àbí Ìtọ́jú Pàjáwìrì: Èwo Ni Kí Ẹ Yọ̀ǹda Ara Yín Fún ní Òṣogbo?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọ̀kan ń ta páàtì ọkọ̀ nítòsí Ọláìyá, ẹnì kẹta jẹ́ abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn ló fẹ́ fi àsìkò wọn ran ìlú lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ àwọn panápaná ni kí wọ́n lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tó fara ṣèṣe. Mo ti bá ìhà méjèèjì ṣiṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo kọ síbí.

Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ló pọ̀ jù nínú àwọn panápaná wọn: kápẹ́ńtà ni, olùkọ́ ni, àgbẹ̀ ni, ìpè ló ń gbé wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1736 ni Benjamin Franklin àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ dá ẹgbẹ́ panápaná kan sílẹ̀ ní Philadelphia. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè tó ń wọ àgọ́ wọn kì í ṣe ti iná. Ti ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tó ṣubú, ẹni tí mọ́tò kọlù ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan náà fi ń kọ́ méjèèjì: ó mọ rọ́bà omi dì mú, ó sì mọ ẹ̀jẹ̀ dá dúró. Ní Chile, gbogbo panápaná pátá ló jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni.

Tiwa yàtọ̀. Ọdún 1901 ni iṣẹ́ panápaná bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá, iṣẹ́ ìjọba ni láti ìgbà náà, olówó-oṣù ló ń ṣe é. Ìtọ́jú ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ Red Cross, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn ilé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà méjì ni, ẹ ó sì yan èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀.

N ò ní fi èrò tèmi pa mọ́ títí ìsàlẹ̀: ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Àwọn kan wà tí n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún, màá sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ta ló máa gbà yín?

Òfin ọdún 1960 ló fìdí Red Cross Nàìjíríà múlẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló rọrùn jù láti wọ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò, ìyá ọlọ́mọ, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbà. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi yín sínú ẹgbẹ́ kékeré kan, ẹ ó kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa pè yín sí ibi tí èrò bá pọ̀ sí.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ní àwọn olùyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní Special Marshal. Àwọn wọ̀nyí ní iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn, wọ́n kàn ń fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ láti bójú tó títì àti láti gba ẹ̀mí là níbi ìjàǹbá. Wọ́n máa ń yẹ ìwà èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó sì ní mọ́tò, ni ibẹ̀ bá lára mu jù.

Ní ti panápaná, ẹ má lọ ní ẹyọ ẹnì kan. Mo rí i pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ àgọ́ panápaná lọ tó ní òun fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á yìn ín, wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó parí. Àmọ́ bí èèyàn mẹ́wàá láti ọjà kan náà bá lọ, tàbí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan, tí wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ wa bí a ó ṣe dá iná dúró kí ẹ tó dé,” ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìdí abájọ ni pé ọ̀gá náà rí ohun tó lè fi wọ́n ṣe.

Iṣẹ́ ìhà iná

Ohun tó ń wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ panápaná ni ẹni tó gbé ọmọ jáde nínú èéfín. Bí ìyẹn ló ń wù yín, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Aṣọ panápaná àti àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kì í dín ní kílò 20, afẹ́fẹ́ inú àgbá náà sì lè má tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ agbára. Olùyọ̀ǹda tí kò ní àgbá kò gbọ́dọ̀ wọ inú èéfín rárá. Èéfín ló ń pa èèyàn ju ọwọ́ iná lọ. Nínú rẹ̀ ni carbon monoxide wà, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, òun náà ló ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Iṣẹ́ wo ló wá kù? Ó pọ̀. Ẹ ro omi. Bí rọ́bà kan bá ń tú lítà 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ tó gbé lítà 5,000 á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó bá mọ kànga tó ní omi, tó mọ ilé tí tánkì wọn kún, tó mọ olómi tó ní táńkà, ni ọ̀gá panápaná máa wá. Bákan náà ni ọ̀nà. Ẹ lọ wo ìhà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àyíká Ọjà Ọba, kí ẹ wo bí àtẹ ṣe bọ́ sójú ọ̀nà, bí kòrópe ṣe dúró gátegàte. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dúró ní ìkóríta láti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé, ọkọ̀ á dé, kò ní lè wọlé, àwọn ọ̀dọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkò lu àwọn tó wá gbà wọ́n. Ẹlòmíràn á pa iná NEPA níbi mítà. Ẹlòmíràn á ka àwọn tó jáde nínú ilé kó lè sọ iye tó kù. Kò sí èyí tó gba kí èèyàn wọ inú iná nínú gbogbo rẹ̀.

Irú iná kan tún wà tó jẹ́ ti àwa ará Òṣogbo gan-an: iná àdìrẹ alábẹ́là. Ìlú aró ni wá, ilé púpọ̀ ló sì wà tí wọ́n ti ń yọ́ àbẹ́là lórí sítóòfù láti fi yàwòrán sára aṣọ. Bí wọ́n bá gbàgbé ìkòkò náà sórí iná, á kọ́kọ́ máa rú èéfín funfun, lẹ́yìn náà á gbiná. Ohun tí ọwọ́ á kọ́kọ́ nà sí ni omi, omi náà ló sì máa sọ ọ́ di ràbàtà. Omi wúwo ju àbẹ́là yíyọ́ lọ, nítorí náà ó máa rì sí ìdí ìkòkò, ooru á sọ ọ́ di èéfín omi lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé àbẹ́là tó ń jó sókè bí ìgbà tí wọ́n da á sí àjà. Ife omi kan tó láti jó ilé. Ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ìdérí irin bò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òróró àkàrà. Bí èèyàn márùn-ún tó ń ṣe àdìrẹ lágbègbè kan bá mọ èyí nìkan, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ panápaná ọdún kan.

Gáàsì ìdáná ńkọ́? Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tan iná, kò sì gbọ́dọ̀ pa á pẹ̀lú, torí ìṣáná kékeré inú súìṣì ti tó. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jáde. Bí táńkà epo bá ṣubú lọ́nà Gbọ̀ngán tàbí lọ́nà Ìkìrun, iṣẹ́ yín ni láti lé àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá padà, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo bẹntiróòlù ń rìn nínú gọ́tà lọ bá iná níbi tó jìnnà.

Iṣẹ́ ìhà ìtọ́jú

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn, ló máa gba ọwọ́ yín jù. Ó ṣojú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tí wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ọ̀kadà gbé ṣubú. Ẹni méjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹni méjì gbá ẹsẹ̀ mú, orí rẹ̀ ń mì lẹ́yìn bí orí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, wọ́n sì fi í há ẹ̀yìn kòrópe. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Kò sí ìkà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí egungun ọrùn bá ti sán, irú ìgbé bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tó ì bá tún rìn di ẹni tí kò ní dìde mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé màá kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò le bí ẹ ṣe rò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà: ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Ẹni tí kò mọ ara mọ́, tó sì ń mí: bí ewu ọrùn kò bá sí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa dí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tí kò mí mọ́: ẹ pe èèyàn, ẹ pe 112, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì léra láàárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn títẹ̀ 30, èémí méjì. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fúnni ní èémí lè máa tẹ̀ nìkan, ó sàn ju kó káwọ́ gbera lọ. Fún ẹni tí omi Ọ̀ṣun gbé, èémí ló ṣáájú, torí afẹ́fẹ́ ni kò rí gbà.

Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti yíyọ àṣà burúkú lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wa. Ọmọ tí gìrì gbé, wọn á fi ṣíbí ya á lẹ́nu, wọn á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná, wọn á da àgbo tó ní ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Ẹ yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ máa wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èyí tí mo bá pàdé jù ni ti iná àti omi gbígbóná. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì aládùúgbò mi da omi ẹ̀bà sí ọwọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá wọn ti fẹ́ fọ́ ẹyin lé e.

“Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹyin yẹn sílẹ̀ ná. Omi ni kí ẹ jẹ́ ká bù.”

“Omi kẹ̀? Omi ò ní jẹ́ kó lé róró?”

“Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ooru tó ṣì wà nínú ẹran ara ló ń sè é, òun ni omi máa gbé jáde.”

A dúró nídìí ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú 20, òun ń bu omi, èmi ń mú ọmọ dání. Ìṣẹ́jú 20 gùn gan-an nígbà tí ọmọ bá ń ké. Ẹyin, epo, ògì, ọṣẹ ìfọyín, kò sí ọ̀kan tó ń mú ooru jáde nínú wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé ìhà yìí síwájú nìyí. Iná ńlá lè má ṣẹlẹ̀ ní òpópónà yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè lo oṣù kan láìrí ẹni tó gé ọwọ́, ẹni tó dákú lójú oòrùn, ọmọ tí nǹkan há lọ́fun. Nígbà tí èrò bá ya wọ Òròkí fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Ògọ́sì, ẹ ó rí iṣẹ́ ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ara àti àkókò

Iṣẹ́ iná fẹ́ ẹni tó lágbára, tí kì í sá fún gíga, tí kò ní ikọ́ fée. Ìgbà rẹ̀ ni ìgbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí igbó gbẹ. Ìtọ́jú kò béèrè agbára púpọ̀, àgbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní ìgbà kan pàtó. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kì í jẹ́ kó jáde yóò rí i pé ètò Red Cross tàbí ti ojú pópó, tó ní ọjọ́ tí wọ́n dá, sàn fún òun ju ìpè iná òru lọ.

Ewu

Ewu iná hàn sí gbogbo èèyàn: ògiri tó ń wó, wáyà NEPA tó já, sìlíńdà tó bú. Èyí tí wọn kì í rí ni ti àwọn èrò. Mo ti rí ibi tí inú tó ń bí àwọn tó pàdánù ọjà wọn ti kan ẹni tó gbé garawa omi wá.

Ewu ìtọ́jú fara sin. Ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fojú fò. Bí kò bá sí, ọ̀rá tí a wọ̀ sọ́wọ́ sàn ju ọwọ́ lásán. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta ni, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá kan ojú ọgbẹ́ yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn kó tó pé wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá lè dé lọ́jọ́ kan náà, ó tún dára jù. Ewu kejì ni ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Kí ẹ tó tẹríba sí ẹni tó ṣubú, ẹ rán ẹnì kan lọ sẹ́yìn kó já ewé sójú títì, kó sì máa ju ọwọ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀. Ìpèníjà yìí ń pa àwọn tó ń ṣàánú ju bí a ṣe rò lọ.

Ilé ìwòsàn àti òfin

Ẹni tó bá yan ìhà ìtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìrònú yóò ti bá a. A gbé ẹnì kan dé ilé ìwòsàn kan lóru, wọ́n ní ká lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, wọ́n tún ní ká san owó sílẹ̀. A dúró síbẹ̀ títí ìbátan rẹ̀ fi dé. N kò mọ òfin nígbà náà. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé kò sí olùtọ́jú ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Fún ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má pariwo. Ẹ̀rù ọ̀gá ló máa ń ba òun náà.

Ìhà iná kò ní irú wàhálà yìí.

Owó

Kò sí owó oṣù ní ìhà kankan. Ìbọ̀wọ́, báńdéèjì, owó ọkọ̀ àti káàdì fóònù ni ẹ ó máa fi owó yín rà ní ti ìtọ́jú. Ti iná wọ́n jù, ṣùgbọ́n ọjà tàbí àdúgbò ló ń dá a jọ: sìlíńdà panápaná oníyẹ̀fun, garawa iyanrìn, fèrè, tọ́ọ̀ṣì.

Ọkàn

Ní ìhà iná, ẹrù ni ẹ ó máa sunkún rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìhà ìtọ́jú, ẹnì kan lè kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Oúnjẹ kò wọ mi lọ́nà ọ̀fun fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ tí mo tẹ àyà rẹ̀ tí kò jí. Olórí ẹgbẹ́ wa ló wá jókòó tì mí nílé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Àwọn tí n kò ní rán sí ìtọ́jú

Ẹni tó máa ń dákú bó bá rí ẹ̀jẹ̀, kó má fipá mú ara rẹ̀. Ìhà iná nílò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọjà Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ti iná, torí ilé ìtajà yín fara kanra, ọ̀kan ò lè jó kí èkejì là. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin aládìrẹ, mo ti sọ tiyín. Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná mànàmáná, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin olómi tó ní táńkà, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ilé bá ń jó. Àwọn lándílọ́ọ̀dù Ọ̀tà-Ẹ̀fun, Òkè-Báálẹ̀ àti Dada Estate lè fi ìpàdé oṣù kan ṣe é: ọ̀gá panápaná kan, sìlíńdà panápaná kan, iná kékeré kan nínú agolo, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa pínnì, kó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, kó tẹ ọwọ́ rẹ̀, kó sì máa gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì.

Akẹ́kọ̀ọ́, abilékọ, olùkọ́, awakọ̀ kòrópe, ọlọ́kadà: ìtọ́jú. Mo sọ ti awakọ̀ àti ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀mejì, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá ju gbogbo wa lọ. Abilékọ tó bi mí ní ìbéèrè ń ṣiyèméjì pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá fara pa máa ń fẹ́ kí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tú aṣọ òun. Ọjọ́ kejì ló lọ forúkọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé níbikíbi, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Ta ló máa gbé owó ilé ìwòsàn bí mo bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín? Ọjọ́ wo ni a máa ń ṣe ìdánrawò, ṣé lóṣooṣù ni àbí ẹ̀ẹ̀kan péré? Ta ni mo lè pè lóru, kó gbé fóònù? Kí ẹ sì ti kọ 112 àti 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà àgọ́ panápaná tó sún mọ́ yín jù, èyí tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín lọ gbà lọ́wọ́ wọn.